Ìjàm̀bá Ọkọ̀ Ti Kọjá, Àyà Ṣì Ń Já: Bí Ara Ṣe Ń Rí Ìwòsàn Tó Tọ́jọ́

Bí ènìyàn bá yọ nínú ìjàm̀bá ọkọ̀ nílẹ̀ wa, ohun tó máa ń gbọ́ ni "Ẹ kú ewu," lẹ́yìn náà "Ẹ dúpẹ́ pé ẹ̀mí ò bọ́," lẹ́yìn náà "Ẹ gbàgbé ẹ̀." Méjì àkọ́kọ́ dára, ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn ni ẹni tí wọ́n ń sọ ọ́ fún kì í rí ṣe. Egbò ti jiná, wọ́n ti já P.O.P. kúrò lẹ́sẹ̀, síbẹ̀ bí ọkọ̀ bá tẹ búrẹ́kì lójijì lójú títì, àyà á já pàà, ọwọ́ á máa gbọ̀n, òógùn á sì bo ara. Àwọn mìíràn ò wọ ọkọ̀ mọ́ rárá. Àwọn ni mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún, àti àwọn ará ilé wọn. Ẹni tí adigunjalè tàbí ajínigbé ṣe lọ́ṣẹ́ á rí ohun tí yóò wúlò fún un níbẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ojú pópó ni màá dúró sí kí ọ̀rọ̀ má bàa fọ́n ká.

Ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹ mú dání láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: ara kì í fi ọ̀rọ̀ kọ́ ẹ̀kọ́. Ohun tójú rí ló fi kọ́ ìbẹ̀rù, ohun tójú bá tún rí, ní díẹ̀díẹ̀ àti léraléra, ni yóò fi kọ́ ìfọ̀kànbalẹ̀.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara

Ní ìjìnlẹ̀ ọpọlọ, lápá ibi tí etí wà lọ́tùn-ún àti lósì, apá kékeré kan wà tí àwọn dókítà ń pè ní amygdala. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fura sí ewu kí ènìyàn fúnra rẹ̀ tó mọ̀ pé ewu dé. Bí tírélà bá ya bàrà síwájú yín, kò ní dúró gba ìmọ̀ràn. Kíá, ó ti ránṣẹ́ sí àwọn ẹṣẹ́ tó wà lórí kíndìnrín, wọ́n ti tú èròjà adrenaline sínú ẹ̀jẹ̀, ọkàn ti ń lù kìkìkì, iṣan ti le, inú ti dáwọ́ oúnjẹ dídà dúró. Lẹ́yìn náà ni èròjà mìíràn, cortisol, á tẹ̀ lé e, kí agbára má bàa tán lára. Walter Cannon, onímọ̀ nípa iṣẹ́ ara ní yunifásítì Harvard, ló ṣàlàyé ìmúrasílẹ̀ yìí, ti ká jà tàbí ká sá, ní ọdún 1915. Àwọn kan kì í jà, wọn kì í sì í sá. Wọ́n á kàn dì gbagidi, ohùn ò ní jáde. Iṣẹ́ ara ni ìyẹn náà, kì í ṣe ojo, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi bú yín.

Bí ewu bá ti kọjá, ó yẹ kí gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀. Kí ló dé tí kì í fi rọlẹ̀ fún àwọn kan? Ìdáhùn wà nínú ọ̀nà tí ìrántí gbà wọlé. Ìrántí ohun tó ṣẹlẹ̀ wẹ́rẹ́ máa ń ní ọjọ́ àti ibi: ó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ báyìí, níbi báyìí, ó sì ti parí. Ní àkókò ìpayà ńlá, apá ọpọlọ tó ń to ọjọ́ àti ibi pọ̀ kì í lè ṣiṣẹ́ rẹ̀ dáadáa. Òórùn pẹtiróò á wọlé lọ́tọ̀, igbe á wọlé lọ́tọ̀, ariwo gíláàsì tó ń fọ́ á wọlé lọ́tọ̀, kò sí èyí tó ní déètì. Nítorí náà, lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, bí òórùn pẹtiróò bá gba imú kọjá nílé epo, ara ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti di àná. Ìgbàanì á di nísinsìnyí. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́: ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá.

Mo máa ń rí i tí àwọn kan ń kéde pé ìbẹ̀rù lúgọ sínú iṣan ìdí tàbí ẹ̀yìn, pé bí wọ́n bá ti wọ́ ọ dáadáa, á jáde. Èmi ò fara mọ́ ọn. Iṣan le nítorí pé ọpọlọ ò yéé pàṣẹ fún un pé kó wà ní ìmúrasílẹ̀. Ara wíwọ́ á mú ìtura wá, ó dáa kí ẹ ṣe é, ṣùgbọ́n bí àṣẹ náà ò bá yí padà, iṣan á tún le kó tó di ọ̀la.

Nínú ilé wa, ẹnu lásán kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí máa ń gbà jáde. Ẹ ó gbọ́: "Orí mi ń gbóná." "Nǹkan ń rìn lára mi." "Ara mi ò lélẹ̀." "Oúnjẹ ò lọ lẹ́nu mi." Ọ̀pọ̀ ló ti lo oògùn ibà àti ti taifọ́ìdì lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, kí ẹnikẹ́ni tó bi wọ́n pé, "Ǹjẹ́ nǹkan kan ṣẹlẹ̀ sí yín lọ́dún yìí?" Ẹ fi ìbéèrè yẹn sọ́kàn bí ẹ bá jẹ́ nọ́ọ̀sì tàbí oníkẹ́míìsì.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ ara wò ná

Ẹ má sáré sọ pé ìpayà ni. Ẹni tó forí gbá nǹkan nínú ọkọ̀ lè máa gbàgbé nǹkan, kí orí máa fọ́ ọ, kí inú sì máa bí i kíákíá, nítorí pé ọpọlọ fara gbọgbẹ́. Àìtó ẹ̀jẹ̀ lè mú kí ọkàn máa lù kìkì. Ẹṣẹ́ ọrùn (thyroid) tó ń ṣiṣẹ́ jù lè mú òógùn, gbígbọ̀n ọwọ́ àti àìrí oorun wá. Ẹ ní kí wọ́n wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Bí àyà bá ń dunni tí kò lọ, tàbí tí orí fífọ́ ń le sí i pẹ̀lú èébì, ilé ìwòsàn ni lọ́jọ́ náà gan-an.

Ìgbésẹ̀ kejì: oṣù àkọ́kọ́

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ara wọn á rọlẹ̀ fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí oṣù díẹ̀. Àlá burúkú, ẹkún òjijì àti ìfòyà ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ kì í ṣe àìsàn. Iṣẹ́ àwọn ará ilé nígbà yìí ni kí wọ́n má ba ìwòsàn náà jẹ́, ibẹ̀ gan-an sì ni a ti máa ń ṣi ọwọ́ gbé.

Ẹ má fipá mú un sọ ọ́. Gbogbo ẹni tó bá wá kí i á ní, "Báwo ló ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an?" Ọjọ́ kan ṣoṣo, á ti rò ó lẹ́ẹ̀mẹwàá. Ìwádìí ti fi hàn pé kíkó ènìyàn jókòó lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ kó tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kì í dènà àìsàn ìpayà. Àjọ Ìlera Àgbáyé náà kò gbà á nímọ̀ràn. Ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí sàráà kò burú rárá, ó ń mú inú ènìyàn dùn láti rí àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀. Ohun tí mo lòdì sí ni kí wọ́n gbé máìkì fún un kó máa ka iye òkú tó rí fún ìjọ. "Ìjàm̀bá ṣẹlẹ̀, Ọlọ́run yọ mí, ẹ bá mi dúpẹ́." Ẹ̀rí yẹn ti tó. Bó bá wá fúnra rẹ̀ fẹ́ sọ̀rọ̀ lóru, ẹ gbọ́ ọ dé ìparí, ẹ má já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀ láti sọ pé ti lágbájá tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Fídíò ìjàm̀bá náà tó ń lọ ká lórí WhatsApp, ẹ pa á rẹ́. Ẹ má wò ó.

Ẹ má lọ ra Valium tàbí Lexotan ní kẹ́míìsì. Lọ́dún 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ọ́ kedere pé kí àwọn dókítà má fi irú oògùn bẹ́ẹ̀ tọ́jú ìpayà oṣù àkọ́kọ́. Wọ́n ń múni sùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n tètè ń di bárakú, wọn kì í sì í jẹ́ kí ara kọ́ ohun tó yẹ kó kọ́. Paraga, ògógóró àti tramadol burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Obì pẹ̀lú, torí kaféènì wà nínú rẹ̀: ẹni tí àyà rẹ̀ ti ń já tẹ́lẹ̀, tó tún ń jẹ obì nírọ̀lẹ́, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń lé oorun.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ ṣe rọrùn. Ẹ se oúnjẹ tó fẹ́ràn. Ẹ jẹ́ kí ẹnìkan sùn sí yàrá kan náà. Ẹ gba ìpè fóònù fún un. Ẹ bá a lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ bá a sáré ìwé ní àgọ́ ọlọ́pàá. Kí ó padà sí iṣẹ́ kékeré inú ilé bó bá ti lágbára, ìbáà jẹ́ ẹ̀wà ṣíṣà lásán.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ fi ìfọ̀kànbalẹ̀ kọ́ ara lójoojúmọ́

A ò lè pàṣẹ fún ọkàn pé kó lù díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n èémí wà ní ìkáwọ́ wa. Iṣan ìmọ̀lára gígùn kan wà tó ti inú ọpọlọ sọ̀ kalẹ̀ dé ọkàn àti ikùn. Bí a bá ń mí jáde pẹ́, òun ló ń dẹ eré ọkàn kù. Ẹ jókòó, ẹ fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ilẹ̀, ẹ la ojú sílẹ̀. Ẹ fi imú mí sínú bí ẹ ti ń ka ení dé ẹ̀rin, ẹ mí jáde bí ẹ ti ń ka ení dé ẹ̀fà. Bíi mẹ́fà ni irú èémí yìí á jẹ́ ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ ṣe é fún ìṣẹ́jú márùn-ún láàárọ̀, márùn-ún lálẹ́, nígbà tí ara ṣì balẹ̀. Ẹni tó bá dúró dìgbà tí àyà ń já kó tó kọ́ ọ, kò ní rí i ṣe.

Lẹ́yìn náà, iṣan. Ẹ di ìkúùkù le fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, ẹ tú u, ẹ fetí sí bó ṣe ń rọ̀. Ẹ gbé èjìká sókè, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ títí dé ẹsẹ̀. Edmund Jacobson, dókítà ará Amẹ́ríkà, ló gbé ọ̀nà yìí jáde ní àwọn ọdún 1920, àwọn oníṣègùn ṣì ń lò ó di òní. Ẹ fi ibi tí egbò ti wà sílẹ̀.

Bí ìrántí bá gbé yín lọ lójijì, tó dà bíi pé ẹ tún ti wà nínú ọkọ̀ náà, ẹ fi ojú, ọwọ́ àti etí padà wá. Ẹ bu omi tútù sójú. Ẹ dárúkọ nǹkan márùn-ún tí ẹ rí, sókè ketekete. Ẹ sọ ọjọ́ òní àti ibi tí ẹ wà. Èmi tún fẹ́ràn kí ará ilé pe onítọ̀hún ní oríkì rẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: Àdùkẹ́, Àjàní, Àṣàkẹ́. Etí ti mọ orúkọ yẹn láti kékeré nínú ẹnu ìyá, kò sì sí nínú ariwo ọjọ́ ìjàm̀bá náà.

Ẹ máa rìn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́jọ́ bí dókítà bá gbà bẹ́ẹ̀, tàbí kí ẹ jó. Ẹni tó ti wá ń bẹ̀rù kí ọkàn òun lù rárá nílò èyí gan-an: kí ó mọ̀ pé ọkàn lè lù kìkì lórí ijó, kó sì rọlẹ̀, láìsí ewu kankan.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ padà sí ojú pópó ní ìpele-ìpele

Ibí ni iṣẹ́ gan-an wà, ibí sì ni ọ̀pọ̀ ti máa ń yà kúrò lọ́nà. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá yẹra fún ohun tó ń bà yín lẹ́rù, ara á rí ìtura, ìtura yẹn ló sì ń bọ́ ìbẹ̀rù. Ara á sọ pé, "Ọpẹ́lọpẹ́ pé a ò lọ."

Ẹ jẹ́ ká mú obìnrin aláṣọ kan ní Ìbàdàn, tó máa ń lọ ra ọjà ní Balógun l'Ékòó. Táyà bọ́ọ̀sì tó wọ̀ fọ́ nítòsí Ògèrè, ọkọ̀ yí gbirigbiri. Látìgbà náà, àwọn ẹlòmíràn ló ń bá a kó ọjà, owó rẹ̀ sì ń dín kù. Kí ó mú ìwé, kí ó kọ ohun tó ń bà á lẹ́rù sílẹ̀, kí ó fi nọ́ńbà sí i láti òdo dé mẹ́wàá:

- Jíjókòó nínú ọkọ̀ àbúrò rẹ̀ nínú ọgbà, kí ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí: 3
- Kí wọ́n ti ilẹ̀kùn, kí wọ́n ta ẹ́ńjìnnì: 4
- Kí wọ́n wà á yí àdúgbò ká: 5
- Kí ó wọ takisí Máíkírà lọ sí Dùgbẹ̀: 6
- Kí wọ́n dé Tóògéètì: 7
- Kí àbúrò rẹ̀ wà á dé Ògèrè, kí wọ́n padà: 9
- Kí ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Èkó: 10

Kí ó bẹ̀rẹ̀ láti orí mẹ́ta. Kí ó jókòó níbẹ̀ fún bí ọgbọ̀n sí márùndínláàádọ́ta ìṣẹ́jú. Ìbẹ̀rù á gòkè, á dúró, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Kí ó má ṣe sọ̀ kalẹ̀ nígbà tó wà lókè pátápátá, nítorí ohun tí ara á kọ́ nígbà yẹn ni pé sísá ló gbà á là. Kí ó tún un ṣe lọ́jọ́ kejì àti lọ́jọ́ kẹta, títí nọ́ńbà náà á fi lọ sílẹ̀ dé bí ìdajì, kó tó kan èyí tó tẹ̀ lé e. Àwọn kan á lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, àwọn kan á lo oṣù mẹ́rin. Ẹ má fi ẹnikẹ́ni wé ẹnìkejì.

Àwọn ìwà kékeré kan wà tó ń jí ẹ̀kọ́ náà gbé: dídi ojú pa, dídi àga mú títí ọwọ́ fi ń ro, kí a máa pariwo "Rọra! Rọra!" mọ́ awakọ̀ ní gbogbo ọ̀nà. Ẹ gbàdúrà kẹ́ ẹ tó wọkọ̀, lẹ́yìn náà ẹ la ojú, ẹ wo igi àti ilé bí wọ́n ti ń kọjá.

Ìfòyà tó bọ́gbọ́n mu yàtọ̀ sí àìsàn, ẹ má pa á. Ọkọ̀ tí táyà rẹ̀ ti jẹ, awakọ̀ tó mutí, ìrìn òru lójú ọ̀nà tí ajínigbé wà, kò sí èyí tó yẹ fún ìdánrawò níbẹ̀. Ẹ de bẹ́líìtì. Bí ẹ bá sọ fún awakọ̀ pé eré rẹ̀ pọ̀ jù, tó sì pọ̀ jù lóòótọ́, ọgbọ́n ni.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ìtàn náà, pẹ̀lú ẹni tó mọ iṣẹ́

Bí oṣù kan bá kọjá, tí ìrántí ṣì ń já lu ènìyàn, tó ń yẹra fún nǹkan, tí inú rẹ̀ kò dùn sí ohunkóhun mọ́, tó sì ń ta gìrì sí ohùn kékeré, tí èyí sì ń dí iṣẹ́ àti ilé rẹ̀ lọ́wọ́, ó ti kọjá ohun tí a ń dá tọ́jú. PTSD ni àwọn dókítà ń pè é. Ọdún 1980 ni àwọn oníṣègùn ọpọlọ Amẹ́ríkà fi orúkọ yẹn sínú ìwé wọn, lẹ́yìn ogun Vietnam, ṣùgbọ́n àìsàn náà ti pẹ́ kó tó lórúkọ.

Ìtọ́jú tó ní ẹ̀rí jù lọ kì í ṣe oògùn. Nínú ọ̀kan, tí Edna Foa, onímọ̀ nípa ìlera ọkàn, fìdí rẹ̀ múlẹ̀, aláìsàn á máa sọ ìtàn náà lẹ́sẹẹsẹ níwájú olùtọ́jú, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ibi tó ti parí, léraléra, fún bí ìpàdé mẹ́jọ sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Báyìí ni àwọn ègé tí kò ní déètì ṣe ń gba déètì. Èyí yàtọ̀ pátápátá sí ríròyìn fún àlejò: ibi ìpamọ́ ni, ẹni tó mọ ìgbà tó yẹ kí a dúró ló ń darí rẹ̀, a kì í sì í fi í sílẹ̀ láàárín ìtàn. Ọ̀kan tún wà tí àwọn ará Jámánì láti yunifásítì Konstanz ṣe fún àwọn tí ogun lé kúrò nílé: wọ́n á na okùn sílẹ̀ bí ọjọ́ ayé ènìyàn, wọ́n á fi òdòdó síbi ayọ̀, wọ́n á fi òkúta síbi ìpọ́njú, wọ́n á sì sọ̀rọ̀ láti òpin kan dé ìkejì. Ọ̀nà tí Patricia Resick, onímọ̀ nípa ìlera ọkàn mìíràn, gbé kalẹ̀, ìpàdé méjìlá, wà fún ẹ̀bi tó ń jẹ ènìyàn lọ́kàn: "Èmi ni mo ní kó wá jókòó sí àyè mi." Ẹ má fi "Kì í ṣe ẹ̀bi yín" lásán pa irú ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bá a yẹ̀ ẹ́ wò: kí ló mọ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ náà, kí sì ló ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ lẹ́yìn náà?

Oògùn bíi sertraline lè ràn án lọ́wọ́. Ó tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó ṣiṣẹ́, a kì í sì í dá a dúró lójijì.

Ọ̀rọ̀ àlá

Àlá kan náà tó ń padà wá máa ń kó ilé jọ: wọ́n á ní ọ̀tá ń lépa rẹ̀. Kí ẹni tó fẹ́ gbàdúrà gbàdúrà. Kí ó tún ṣe èyí: ní ọ̀sán, kí ó kọ àlá náà sílẹ̀, kí ó yí i padà síbi tó wù ú, kí bọ́ọ̀sì náà dúró, kí gbogbo èrò sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n ra búrẹ́dì. Kí ó fi ojú inú wo èyí tuntun fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí ogún lójoojúmọ́. Ó ti dín àlá burúkú kù fún ọ̀pọ̀.

Ibi tí ẹ lè lọ

Árò l'Ábẹ́òkúta, ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ ní Yábà, UCH n'Íbàdàn, LUTH l'Ékòó, àti OAUTHC n'Ílé-Ifẹ̀, gbogbo wọn ló ní oníṣègùn ọpọlọ. Mo mọ ohun tí orúkọ Árò àti Yábà ń ṣe létí ènìyàn. Wọ́n á ní wèrè ni. Ẹ jẹ́ ká rántí ohun tí Adéoyè Lambo, oníṣègùn ọpọlọ tó jẹ́ ọmọ Abẹ́òkúta, ṣe ní Árò láti 1954: ó fi àwọn aláìsàn sí abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, kí olúkúlùkù wá pẹ̀lú mọ̀lẹ́bí rẹ̀ kan, kí wọ́n máa gbé láàárín àgbẹ̀ àti ọmọdé, kí wọ́n sì máa lọ gba ìtọ́jú lọ́sàn-án. Ó mọ̀ pé ara ò lè balẹ̀ níbi tí ènìyàn ti dá wà. Ọ̀nà rẹ̀ di ohun tí àwọn oníṣègùn ilẹ̀ òkèèrè ń wá wò. Láti oṣù kìíní ọdún 2023 ni Nàìjíríà sì ti ní òfin ìlera ọpọlọ tuntun dípò òfin àtijọ́ tó ń pe aláìsàn ní wèrè.

Bí ọ̀rọ̀ bá dé ibi tí onítọ̀hún ń sọ pé ó sàn kí òun ti kú pẹ̀lú àwọn yòókù, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan. Ẹ gbé oògùn àti oró kòkòrò kúrò nítòsí, ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà.

Bí ó bá tún padà

Á padà nígbà mìíràn. Ọjọ́ tó pé ọdún kan, ìròyìn ìjàm̀bá mìíràn, táyà tó fọ́ lójú ọ̀nà. Ọ̀sẹ̀ kan tí àyà ń já kò túmọ̀ sí pé ìwòsàn ti bàjẹ́. Ẹ padà sí èémí àárọ̀ àti alẹ́, ẹ mú ìwé ìpele yẹn jáde, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí nọ́ńbà mẹ́rin tàbí márùn-ún, ẹ ó rí i pé ẹ yára gòkè ju tàkọ́kọ́ lọ. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí kò sọ̀ kalẹ̀, tàbí tí ẹ tún bẹ̀rẹ̀ sí í rán ènìyàn sọ́jà dípò ara yín, ẹ pe olùtọ́jú yín, kí ẹ tún bá a jókòó lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì.